Mẹ́rin Ló Bẹ̀rẹ̀, Mẹ́rin Ni Yóò Parí

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré ìje tí ọmọ aráyé ń sá, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá jù ni à ń hó yè fún, ẹni tí ó bá sì ṣubú lójú ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fọwọ́ ti ilẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n eré ìje kan ń bẹ tí òfin rẹ̀ yàtọ̀ gedegbe sí èyí, tí ó fi jẹ́ pé bí ènìyàn la igbó já, tí ó gun òkè gàgàrà tí orí rẹ̀ fara kan sánmọ̀, tí ó tu ọkọ̀ kọjá lójú odò tí ń ru gùdù, tí ó gun kẹ̀kẹ́ lórí òkúta àti ẹrẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di òru, tí ó sì dé òpin ìje kí ẹlòmíràn tó dé, wọn kò ní kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọn kò ní ṣírò wákàtí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní kí i kú oríire, títí ẹni tí ó lọ́ra jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi dé ibi tí ó wà. Eré yìí ni ayé mọ̀ sí adventure race. Ìje aginjù ni a ó máa pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, àti pàápàá fún àwọn ọ̀dọ́ tí ẹsẹ̀ ń yún láti bá ẹgbẹ́ wọn wọ inú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó dá mi lójú pé ẹnu ni í gbé ẹgbẹ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀ dé òpin ìje ju ẹsẹ̀ lọ: kí ẹni tí ó rẹ̀ lè sọ pé ó rẹ òun nígbà tí ọ̀rọ̀ kò tí ì bọ́ sórí, kí ẹni tí ó lágbára sì lè gbọ́ ọ láìbínú. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. N kò tí ì rí ibi tí òwe yìí ti ṣẹ tó inú ìje aginjù.

Ìje náà kò tí ì pẹ́ láyé púpọ̀. Ní ọdún 1968, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá ìje orí òkè kan sílẹ̀ tí à ń pè ní Karrimor nígbà náà, nínú èyí tí ènìyàn méjì méjì ń sáré fún ọjọ́ méjì, tí wọ́n ń gbé àgọ́, oúnjẹ àti aṣọ wọn kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n sì ń fi máàpù wá ọ̀nà fúnra wọn. Ní ọdún 1983, Robin Judkins, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, dá òmíràn sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ Coast to Coast, tí àwọn tí ń sá a máa ń gbéra ní etí òkun Tasman ní ìwọ̀-oòrùn, tí wọn a fi ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ kayak la Erékùṣù Gúúsù já títí wọn yóò fi rí òkun Pàsífíìkì ní ìlà-oòrùn, ìrìn tí ó tó kìlómítà 243. Ṣùgbọ́n ọdún 1989 ni ìje aginjù gba àwọ̀ tí a fi mọ̀ ọ́n lónìí, nígbà tí akọ̀ròyìn ará Faransé kan, Gérard Fusil, kó àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-márùn-ún jọ sí New Zealand fún ìje tí ó sọ ní Raid Gauloises. Lára òfin tí ó gbé kalẹ̀ ni pé obìnrin gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun ohun tí ń fi ẹ́ńjìnnì rìn, àti pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò jọ lọ tí yóò sì jọ dé. Ìje náà rin ayé ká lẹ́yìn èyí. Ó dé Madagascar ní 1993, ó sì dé Gúúsù Áfíríkà àti Lesotho ní 1997.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kópa nínú rẹ̀ nígbà tí ó dé ilẹ̀ Oman ní 1992 ni Mark Burnett, ẹni tí ó padà sí Amẹ́ríkà tí ó sì dá Eco-Challenge sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Utah ní 1995. Tẹlifíṣọ̀n ni ó gbé orúkọ ìje yìí wọ inú ilé àwọn tí kò fẹsẹ̀ tẹ aginjù rí. Ó ti Utah dé Mòrókò, ó dé Ajẹntínà, ó dé Borneo, kí ó tó sinmi ní Fiji ní 2002. Nígbà tí ó sì jí padà ní 2019, Fiji kan náà ni ó padà sí, pẹ̀lú ẹgbẹ́ 66 láti orílẹ̀-èdè 30, tí ojú ọ̀nà wọn gùn tó kìlómítà 671. Wọ́n wa camakau, ọkọ̀ onígbòkun àtayébáyé ti àwọn ará Fiji. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn di ọparun pọ̀ di ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń pè ní bilibili, wọ́n sì fi í sọ̀ kalẹ̀ lójú odò. Wọ́n fi okùn gun ògiri àpáta tí omi ń já láti orí rẹ̀. Wọ́n lúwẹ̀ẹ́ kọjá nínú àfonífojì tí omi rẹ̀ tutù débi pé eyín ń gbá eyín. Ẹgbẹ́ New Zealand, tí Nathan Fa'avae, Sophie Hart, Stuart Lynch àti Chris Forne wà nínú rẹ̀, ni ó gbégbá orókè.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ìje Fiji yìí tí ó yẹ kí ọmọ Adúláwọ̀ gbogbo gbọ́. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Onyx, tí Clifton Lyles jẹ́ olórí rẹ̀, jáde wá láti Amẹ́ríkà, gbogbo ọmọ inú rẹ̀ sì jẹ́ Adúláwọ̀, èyí tí a kò rí irú rẹ̀ rí nínú ìje aginjù ọlọ́jọ́ gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Láti Íńdíà sì ni Tashi àti Nungshi Malik ti wá, ìbejì obìnrin tí wọ́n jọ gun òkè Everest, ọba gbogbo òkè, ní ọdún 2013. Bí ó bá ṣe ilẹ̀ wa ni a ti bí wọn ni, Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjọbí, ni à bá máa kì wọ́n, kò sì sí ìje tí ó tún bá ẹ̀jìrẹ́ mu ju èyí tí a kò gbà kí ẹnikẹ́ni dá dé òpin rẹ̀.

Kí èyí má ṣe dẹ́rù ba olùkàwé o. Kìlómítà 671 kì í ṣe oúnjẹ ọmọ ọwọ́, kò sì sí ẹni tí ó ní kí akọ́ṣẹ́ lọ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìje kékeré wà tí kò ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́jọ lọ. Àwọn mìíràn ń gba wákàtí 12, òmíràn ń gba odindi ọjọ́ kan pẹ̀lú òru rẹ̀. Nínú àwọn kékeré wọ̀nyí, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lè jẹ́ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n nínú àwọn ńlá, ẹni mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀ jù, tọkùnrin tobìnrin. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó sábà máa ń wà nínú gbogbo wọn: kí a fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kí a sáré, kí a gun kẹ̀kẹ́, kí a tu ọkọ̀. Iṣẹ́ okùn lórí àpáta lè kún un. Èyí tí ó sì jẹ́ baba gbogbo wọn ni wíwá ọ̀nà, nítorí kò sí àmì tí a fi dá ojú ọ̀nà mọ̀, kò sí ẹni tí ń dúró ní oríta láti nàka, ẹ̀rọ tí ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ láti fi ibi tí ènìyàn wà hàn sì jẹ́ èèwọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìje.

Máàpù àti kọ́ńpáàsì nìkan ni ẹgbẹ́ yóò gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà mìíràn, ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ìje tó bẹ̀rẹ̀ ni a ó tó fi máàpù lé wọn lọ́wọ́, pẹ̀lú àwọn ibùdó àmì tí wọ́n gbọ́dọ̀ dé, tí wọn yóò sì fi ẹ̀rí hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé wọ́n débẹ̀, bóyá kí wọ́n lu ihò sí ìwé ìrìnnà wọn tàbí kí wọ́n tẹ ẹ̀rọ kékeré kan tí ń kọ àkókò sílẹ̀. Bí máàpù náà bá jẹ́ èyí tí sẹ̀ǹtímítà kan lórí rẹ̀ dúró fún mítà 500 lórí ilẹ̀, ẹni tí ó bá fi ìka bo ibì kan lórí rẹ̀ ti bo odindi oko mẹ́lòó kan mọ́lẹ̀. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí òkè po lórí rẹ̀ ń fi gíga ilẹ̀ hàn: níbi tí wọ́n bá ti fún mọ́ ara wọn, òkè ibẹ̀ ga lójijì, níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra wọn, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Ẹni tí ó bá mọ èyí kà yóò rí i pé ọ̀nà tí ó gùn tí ó yí ẹsẹ̀ òkè ká lè yára ju èyí tí ó gba orí rẹ̀ kọjá lọ tààrà.

Níbí ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ti ń jẹ́rìí sí ara rẹ̀, pé alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Ìgbà gbogbo ni a ń rí ẹgbẹ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó fi eré burúkú bẹ̀rẹ̀, tí ó rí àwọn mìíràn tí wọ́n yà sínú igbó, tí ó sì yà tẹ̀lé wọn láìwo máàpù, tí wọ́n wá rí i lẹ́yìn wákàtí kan pé àwọn tí àwọn ń tẹ̀ lé náà ti sọnù. Àwọn tí ó mọ ìje yìí dáadáa kì í yára ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọn a dúró, wọn a tẹ́ máàpù sílẹ̀, wọn a yí i títí àríwá rẹ̀ yóò fi dojú kọ àríwá kọ́ńpáàsì, wọn a sì bi ara wọn pé odò wo ni yóò wà lọ́wọ́ òsì wa, òkè wo ni a ó máa wò níwájú, kí sì ni yóò sọ fún wa pé a ti kọjá ibi tí ó yẹ kí a yà. Ẹnì kan ni yóò máa ka máàpù, ẹlòmíràn yóò máa yẹ ohun tí ó kà wò, nítorí ojú méjì kò lè rí tó ojú mẹ́rin nígbà tí òùngbẹ bá ti ń da ọpọlọ rú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Nípa yíyan ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wọn yá jù ní àdúgbò ni kí a kó jọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí D. O. Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní ọdún 1938, kì í ṣe alágbára nìkan ni ó kó sínú ikọ̀ tí ó ń lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ó fi ọlọ́gbọ́n kún wọn, ó sì fi olóhùn dídùn kún wọn, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn a máa béèrè ohun tí kùmọ̀ kò lè ṣe. Bákan náà ni ẹgbẹ́ ìje aginjù: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí ó lè sáré lórí òkè lè jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù omi ń bà. Ẹni tí kò lè gun kẹ̀kẹ́ dáadáa lè jẹ́ ẹni tí orí rẹ̀ kì í dàrú ní òru. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ohun tí wọ́n ń wá má ṣe tako ara wọn. Bí ẹnì kan bá wá láti borí àwọn mìíràn, tí ẹnì kejì sì wá kìkì láti dé òpin, ìjà yóò bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà.

Òfin ìrìnpọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nínú ọ̀pọ̀ ìje, ọmọ ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ jìnnà sí èkejì ju mítà 100 lọ, ní ibòmíràn mítà 50, àwọn alábòójútó sì lè fi ìyà wákàtí jẹ ẹgbẹ́ tí ó bá rú u. Bí ẹnì kan bá jáde nínú ìje, àwọn tí ó kù lè gba ìyọ̀ǹda láti máa bá ìrìn wọn lọ, ṣùgbọ́n a ó yọ wọ́n kúrò lára àwọn tí a ń fún ní ipò. Nítorí èyí ni àwọn ẹgbẹ́ tí ó gbọ́n fi ń gbé okùn tí ń nà dání, tí ẹni tí ara rẹ̀ le yóò so mọ́ ìgbànú rẹ̀ tàbí mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí ẹni tí ara rẹ̀ rọ̀ yóò di ìdí okùn náà mú, tí èkíní yóò sì máa fa èkejì gun òkè. Wọn a gba àpò ẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹni tí ó rẹ̀, wọn a pín ẹrù inú rẹ̀ sínú àpò mẹ́ta yòókù, òun yóò sì máa rìn lọ́wọ́ òfo. Bí àáró tí àwọn baba wa ń ṣe lóko ni ọ̀rọ̀ náà rí gẹ́lẹ́: lónìí a jọ kọ ebè ní oko Àjàyí, lọ́la a ó jọ kọ ọ́ ní oko Àkànní, kò sì sí ẹni tí ń pe Àjàyí ní ọ̀lẹ nítorí pé oko rẹ̀ ni a kọ́kọ́ dé. Ẹni tí a fà lórí òkè ní ọ̀sán lè jẹ́ ẹni tí yóò tu gbogbo wọn já lójú omi ní àṣálẹ́.

Ṣùgbọ́n okùn kò lè fa ẹni tí kò sọ pé ó ń rẹ òun, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń fọ́. A ti tọ́ wa láti kékeré pé akin kì í ké, pé kí ọkùnrin fara dà á, pé kí obìnrin má jẹ́ kí a gbọ́ ohùn òun. Ìtọ́ni rere ni èyí ní ààyè tirẹ̀. Nínú ìje aginjù, ó lè di májèlé. Ẹ wo ẹni tí bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í bó lẹ́sẹ̀ ní wákàtí kejì, tí ojú sì ń tì láti dá àwọn yòókù dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré tí wọn ì bá fi lẹ nǹkan mọ́ ọn: ní wákàtí kẹfà, ìléròrò yóò ti bẹ́, ẹran ara yóò ti hàn síta, yóò máa fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn, orúnkún rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún nítorí ìrìn wíwọ́ náà, gbogbo ẹgbẹ́ yóò sì máa wọ́ tẹ̀lé e fún wákàtí méjì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ó rò pé òun fi pamọ́ fún wọn ti di ẹrù tí gbogbo wọn jọ ń rù. Ohun tí ó jọ ìgboyà lójú rẹ̀ ti di gbèsè lọ́rùn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn tí ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí fi ń sọ ìbéèrè di àṣà. Ní àkókò tí wọ́n ti jọ fi ohùn sí, olórí ẹgbẹ́ yóò bi ẹnì kọ̀ọ̀kan léèrè: o ti jẹun? o ti mu omi? báwo ni ẹsẹ̀? báwo ni orí? Gbogbo wọn ni yóò dáhùn, bẹ̀rẹ̀ láti orí olórí fúnra rẹ̀, nítorí bí ẹni tí ó lágbára jù bá lè la ẹnu sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, ojú kò ní ti ẹni tí ó kù díẹ̀ káàtó láti sọ tirẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Bí ó bá pòṣé, bí ó bá wo agogo, bí ó bá sọ pé “Ṣé ìwọ náà tún nìyẹn?”, ó ti di ẹnu náà pa, kò sì ní tún là mọ́ títí ewu yóò fi dé. Nínú gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ lè kọ́ kí wọ́n tó wọ ìje, èyí ni ó ṣòro jù, nítorí kò sí ọjà tí a ti lè rà á.

Ara pẹ̀lú ní ohun tí ó ń béèrè. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ebi bá ń pa kò lè ka máàpù, kò sì lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ eléré ìdárayá a máa dámọ̀ràn pé kí ènìyàn jẹ nǹkan bíi gíráàmù 30 sí 60 oúnjẹ afúnnilókun ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ bá gùn, kí ó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí ebi tó dé, kí ó sì fi iyọ̀ sí ètò rẹ̀, nítorí omi nìkan láìsí iyọ̀ lè fa àìsàn tí ó burú ju òùngbẹ lọ. Nítorí ẹsẹ̀, kí ó gbé ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ dání nínú ọ̀rá. Àwọn ohun tí a kò gbà kí ẹgbẹ́ gbéra láìní lọ́wọ́ kò ju ohun tí ó lè gba ẹ̀mí là: fèrè, tọ́ọ̀ṣì orí, ẹ̀wù òjò, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń dá ooru ara dúró, oògùn àti báńdéèjì, akoto fún kẹ̀kẹ́, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì fún orí omi.

Omi tí a ń là kọjá náà kì í ṣe ohun tí a ń fojú di. Ní ọdún 2000, nígbà tí Eco-Challenge wáyé ní Sabah ní erékùṣù Borneo, àwọn eléré ìje lúwẹ̀ẹ́ nínú odò Segama, àìsàn tí a ń pè ní leptospirosis, tí ń ti inú ìtọ̀ eku àti ẹran mìíràn wọ inú omi, sì kọlù wọ́n. Nígbà tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí, nínú 189 tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, 80 ni àmì àìsàn náà hàn lára wọn, 29 nínú wọn sì dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ṣeun, ẹnikẹ́ni kò kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti padà sí ilẹ̀ wọn kí ibà tó gbé wọn ṣánlẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí ènìyàn bo egbò rẹ̀ kí ó tó wọ odò, kí ó má gbé omi rẹ̀ mì, kí ó sì sọ fún dókítà pé òun ti wọ odò báyìí báyìí bí ibà bá dé lẹ́yìn ìje. Níbí pẹ̀lú, ẹni tí ó bá dákẹ́ ni yóò jìyà jù.

Nínú ìje tí ó bá wọ òru, oorun ni ọ̀tá tí a kò lè fi agbára lé lọ. Ẹni tí kò bá sùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí: kùkùté yóò di ènìyàn tí ó jókòó, òkúta yóò di ilé, igi yóò sì máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó gbọ́n kì í fi èyí ṣe ẹ̀sín. Wọn a dùbúlẹ̀ pọ̀ kí ara wọn lè gbóná, wọn a sùn fún ìwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti jọ pinnu, wọn a sì jí. Bákan náà ni òfin ọ̀pọ̀ ìje fi dandan lé e pé bí ẹgbẹ́ kan bá rí ẹgbẹ́ mìíràn nínú ewu, kí wọ́n fi ìje sílẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ ran àwọn náà lọ́wọ́. Ẹ̀mí ṣe iyebíye ju ipò lọ, àti pé ẹgbẹ́ tí ó bá yí padà nítorí ọ̀kan nínú wọn fara pa ti ṣe ohun tí ó tọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ojú ẹni tí ó kùnà wò wọ́n.

Kò sí ìtàn tí ó fi ẹ̀mí ìje yìí hàn tó èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ecuador ní ọdún 2014, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdíje àgbáyé níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ará Sweden kan, tí Mikael Lindnord jẹ́ olórí rẹ̀, jókòó láti jẹun, ajá kan tí kò ní olówó, tí egbò wà lẹ́yìn rẹ̀, sì ń wò wọ́n. Lindnord fún un ní ẹran díẹ̀. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò fun fèrè pè gan-an ni ó dìde tẹ̀lé ọdẹ. Ó tẹ̀lé wọn nínú igbó, ó tẹ̀lé wọn nínú ẹrẹ̀ tí ó ń rì dé àyà, wọ́n sì ń dúró fà á yọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọn yóò ti wọ ọkọ̀, àwọn alábòójútó kìlọ̀ pé ó léwu láti gbé ajá sínú rẹ̀, wọ́n sì tukọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ajá náà bẹ́ sómi, ó ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé wọn, Lindnord kò sì lè mú un mọ́ra, ó nawọ́ fà á sínú ọkọ̀. Wọ́n jọ dé òpin ìje ni. Arthur ni wọ́n sọ ọ́, Lindnord mú un lọ sí Sweden, ibẹ̀ ni ó gbé títí ó fi kú ní 2020. Ẹgbẹ́ náà kò gba ipò kìíní, síbẹ̀ àwọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí ó sá ìje ọdún náà. Àwọn tí ó lè dúró fún ajá ti mọ bí a ti í dúró fún ènìyàn.

Kí ni kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ìje yìí wá ṣe? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn ẹsẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, kí wọ́n jọ rìn ín ní ọ̀sán, kí wọ́n sì tún jọ rìn ín ní òru, kí ojú wọn lè mọ òkùnkùn. Kí wọ́n kọ́ máàpù ní ibi tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ibi tí wọn kò mọ̀. Kí ẹni tí kò lè wẹ̀ lọ kọ́ bí a ti ń wẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọ ìje kékeré tí yóò parí kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n sì jẹ́ kí èrò wọn jẹ́ ẹyọ kan: kí gbogbo wọn dé.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ra bàtà, kí wọ́n tó yá ọkọ̀, kí wọ́n tó fi orúkọ sílẹ̀, kí wọ́n jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí olúkúlùkù la ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí kò lè ṣe, ohun tí ó ń bà á lẹ́rù, àti bí àwọn yòókù yóò ti ṣe mọ̀ nígbà tí agbára rẹ̀ bá ń tán lọ. Ẹni tí ẹ̀rù ibi gíga ń bà yóò sọ ọ́, ẹni tí inú rẹ̀ máa ń ru nígbà tí ebi bá ń pa á yóò sọ ọ́, ẹni tí kì í lè gba ìrànlọ́wọ́ láìbínú náà yóò sọ ọ́. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tí ó fi ẹnìkejì rẹ̀ rẹ́rìn-ín, òkè yóò ṣì ga níwájú wọn, odò yóò ṣì jìn, ṣùgbọ́n ohun tí ń tú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ká ní àárín ọ̀nà kò ní rí ibi wọ̀ sáàárín wọn. Ẹni tí ó bá sì ti kọ́ èyí nínú aginjù yóò rí i lò nínú ìgbéyàwó, ní ibi iṣẹ́ àti nínú ìlú, nítorí kò sí èyí nínú wọn tí ẹnì kan ń dá parí.